Sẹ̀mó Kò Dá Dùn: Ohun tí Irú àti Ẹ̀wà Ń Ṣe fún Àlìkámà

Bí ẹ bá ń ti Boundary bọ̀ lọ sí Apapa ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, òórùn mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ pàdé yín lórí Malu Road. Àkọ́kọ́ ni èéfín dísẹ́ẹ̀lì àwọn tírélà tó ń wá ọ̀nà dé èbúté. Ìkejì ni ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ẹ̀kẹta ló máa ń dá ènìyàn dúró: ata ẹ̀wà Àgányìn, ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí wọ́n dín nínú epo títí tí gbogbo rẹ̀ fi dúdú.

Nígbà tí mò ń gbé ládùúgbò yẹn, ìyá kan wà tó máa ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan, mo ní kí wọ́n kàn fún mi ní búrẹ́dì. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Búrẹ́dì lásán kọ́ loúnjẹ o, ọmọ mi. Gbé abọ́ wá." Wọ́n bu ṣíbí ẹ̀wà kan sí i, wọ́n da ata lé e, wọn ò gba owó rẹ̀. Mo rò pé àánú ni, àbí ọgbọ́n òǹtajà, kí n lè padà wá lọ́la. (Mo padà lọ́la lóòótọ́.) Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí ìyá yẹn sọ, ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì gidi ni.

Lónìí, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan tó bá àlìkámà mu nínú ìkòkò àti nínú abọ́. Sẹ̀mó ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò ní alẹ́, òun náà ló sì ní ìtàn tó sún mọ́ Malu Road jù lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe sẹ̀mó kò jìnnà sí wa rárá. Ọdún 1960 ni wọ́n dá Flour Mills of Nigeria sílẹ̀, George Coumantaros, oníṣòwò ọmọ Gíríìkì, ló dá a sílẹ̀. Nígbà tó di 1962, ẹ̀rọ wọn ti ń lọ àlìkámà ní Apapa. Àwọn ló ń ṣe Golden Penny. Honeywell náà ń lọ tiwọn ní Tin Can Island. Ìdí tí wọ́n fi fara mọ́ omi kò ṣòro láti mọ̀: ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ọkà yẹn wá láti Amẹ́ríkà, Kánádà, Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ míì. Wọ́n ń gbin àlìkámà ní òkè ọya lóòótọ́, ní Kánò, Jígáwá àti Borno, lásìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò tó wa jẹ. Ní 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó o wọ̀lú. Ní 1992 ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè bí búrẹ́dì ṣe rí láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Bí ọkà náà bá dé inú ẹ̀rọ, irin rìbìtì-rìbìtì á fọ́ ọ, ajọ̀ á sì yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èèpo rẹ̀ tó bíi 14 nínú 100. Ojú ibi tó ti ń hù kò ju bíi 3 lọ. Gbogbo ìyókù, bíi 83, inú funfun ni, sítáàṣì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fọ́ inú funfun yẹn kó rí bí iyanrìn wẹ́wẹ́, sẹ̀mó nìyẹn. Ẹ lọ̀ ọ́ síwájú sí i, ó di fúláwà búrẹ́dì. Ẹ má yọ èèpo kúrò, ó di ohun tí a ń pè ní wíìtì. Nítorí náà ọmọ ìyá kan náà ni sẹ̀mó, búrẹ́dì àti wíìtì, ohun tí a bá sì sọ nípa ọ̀kan, ó kan ìyókù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá gbé òkèlè sẹ̀mó kan sẹ́nu láìfi kan ọbẹ̀. Kí ni ahọ́n yín sọ? Bóyá kò sọ nǹkan kan. Ó gbóná, ó rọ̀, ó parí.

Ìdí àkọ́kọ́ rọrùn. Itọ́ ẹnu wa ní enzyme kan tó ń jẹ́ amylase, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ kó lè di irú ṣúgà kan tó ń jẹ́ maltose. Bí ẹ bá fi búrẹ́dì sẹ́nu tí ẹ rọra ń jẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ máa rí i pé ó ń dùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ òkèlè lẹ́nu? Gbígbé la máa ń gbé e mì. Kí amylase tó ráyè jí, òkèlè ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun. Ìyẹn ni pé lórí tábìlì wa, ọbẹ̀ nìkan ni ahọ́n ń bá pàdé ní ti gidi. Ohun tí òkèlè ń ṣe ni pé ó ń gbé ọbẹ̀ rìn. Ẹ tún wo ewédú àti ilá: yíyọ̀ wọn yẹn, àwọn èròjà gígùn kan tó ń di omi mú ló fà á, wọ́n ń bo òkèlè lára kó lè yọ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá ti fi ata díndín gbígbẹ gbé sẹ̀mó mì rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìdí kejì ló yà mí lẹ́nu jù. Sẹ̀mó ní adùn o! Ó kàn tì í mọ́ inú ilé ni.

Ohun tó ń jẹ́ kí sẹ̀mó máa fà, tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì lè wú, ni purotéènì kan tó ń jẹ́ gluten. Ní 1866, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Jámánì, Karl Heinrich Ritthausen, fi ásíìdì se gluten àlìkámà títí ó fi túká, ó sì rí èròjà tuntun kan nínú rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní glutamic acid, láti ara orúkọ gluten fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka nǹkan náà sí oúnjẹ nígbà yẹn. Ọdún 1908 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, Kikunae Ikeda, ń wá ohun tó ń jẹ́ kí omi ọbẹ̀ ewéko òkun àwọn ará Japan dùn, nígbà tí kì í ṣe iyọ̀, kì í ṣe ṣúgà, kò kan, kò sì korò. Kí ló bá níbẹ̀? Glutamate, ọmọ bíbí inú glutamic acid tí Ritthausen rí. Ó pe adùn náà ní umami. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fún un: Ajinomoto.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Inú gluten àlìkámà ni wọ́n ti ń fa ajínómótò ìgbà náà jáde, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àwọn ará Japan tó mọ bí a ṣe ń lo bakitéríà láti ṣe é ní 1956. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èròjà inú gluten ló jẹ́ ti ìdílé glutamic acid yìí. Ilé-iṣẹ́ Ajinomoto ti Nàìjíríà gan-an, Apapa ni wọ́n fi ṣe ibùdó, ládùúgbò kan náà tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí.

Ó dáa, bí àlìkámà bá kún fún ajínómótò báyìí, kí ló dé tí sẹ̀mó fi rí pẹ̀lẹ́bẹ́ lẹ́nu? Nítorí pé glutamate tó so mọ́ ara wọn nínú purotéènì kò ní adùn kankan. Èyí tó bá dá dúró nìkan ni ahọ́n lè mọ̀. Ẹ̀yin ará Apapa, ẹ̀yin lẹ máa yé jù: ó dà bí ẹrù inú kọ̀ǹténà tí wọn ò tíì ṣí ní èbúté. Ẹrù wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ lè tà nínú rẹ̀.

Irú ni kọ̀ǹténà tí wọ́n ti ṣí.

Èso igi igbá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Parkia biglobosa, ni wọ́n ń sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá dì í síbi tó móoru fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis á bọ́ síṣẹ́. Ó ń gé purotéènì inú èso náà sí wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ni glutamate ń já kúrò lára ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn ammonia tó ń jẹ́ kí àwọn kan máa yínmú sí irú, ẹ̀rí ni pé iṣẹ́ yẹn ń lọ. Ìyẹn ni pé àwọn ìyá wa ti ń fi bakitéríà ṣe umami tipẹ́tipẹ́, kì í ṣe pé wọ́n dúró de Tokyo.

Bí ẹ bá tún fi ẹja gbígbẹ sí i, adùn yẹn á fò sókè. Ní 1913, Shintaro Kodama, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ikeda, rí èròjà míì tó ń jẹ́ inosinate nínú ẹja gbígbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, Akira Kuninaka fi hàn pé bí glutamate àti inosinate bá pàdé lórí ahọ́n, adùn wọn kì í ṣe kan àti kan jẹ́ méjì. Ó máa ń di ìlọ́po-ìlọ́po. Irú mú glutamate wá, pánla tàbí ẹja àrọ̀ gbígbẹ mú inosinate wá, sẹ̀mó gbé méjèèjì lọ. Ní Ajégúnlẹ̀, tí Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Igbo àti Yorùbá ti ń gbé ògiri kan ara wọn, kò sí ọbẹ̀ tí ẹ máa rà tí ẹja gbígbẹ tàbí edé kò ní sí nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọbẹ̀ ẹyìn, ìbáà jẹ́ àpọ̀n.

Èmi kò bá ajínómótò jà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá da kíúbù mẹ́rin sínú ọbẹ̀ torí pé kò fẹ́ gbọ́ òórùn irú, iyọ̀ ló fi kún ọbẹ̀ rẹ̀ jù, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú kíúbù.

A ti sọ ti ahọ́n. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà.

Purotéènì tí a ń jẹ, ara wa kì í lò ó bó ṣe wọlé. Ó máa ń tú u sí amino acid, á wá fi wọ́n kọ́ tirẹ̀: iṣan, ẹ̀jẹ̀, awọ ara, egungun ọmọ tó ń dàgbà. Mẹ́sàn-án lára wọn wà tí ara kò lè dá ṣe, inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ rí wọn. Ẹ fi wé télọ̀ tó gba iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́. Ó ní aṣọ tó tó ọgọ́rùn-ún ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní òwú, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tó wà nílẹ̀ kò ju ti ogójì lọ. Ogójì ṣẹ́ẹ̀tì ló máa parí, ìyókù aṣọ á kàn wà nílẹ̀ ni. Nínú àlìkámà, bọ́tìnnì tó ń tètè tán ni èyí tó ń jẹ́ lysine.

Ẹ wo bó ṣe rí. Àjọ FAO àti WHO sọ pé nínú gíráàmù purotéènì kan, ó yẹ kí àgbàlagbà rí lysine tó bíi mílígíráàmù 45. Ti àlìkámà kò ju bíi 25 lọ, ti fúláwà funfun tún dín sí i, torí pé ojú ibi tó ti ń hù, tí ẹ̀rọ yọ kúrò, níbẹ̀ ni lysine pọ̀ sí. Ẹ̀wà wa ńkọ́? Bíi 65! Ohun tó wọ́n nínú ẹ̀wà ni methionine, èyí tí àlìkámà sì ní dáadáa. Ohun tí èkíní kò ní ni èkejì fi ń tọrẹ. Kì í sì í ṣe dandan kí wọ́n wọ inú abọ́ kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí ẹ bá jẹ méjèèjì láàárín ọjọ́ kan, ara á mọ bó ṣe máa so wọ́n pọ̀.

Ṣíbí ẹ̀wà tí ìyá yẹn bù fún mi, bọ́tìnnì ni.

Kì í ṣe àwa nìkan la mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Íńdíà ń fi rótì jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà wọn, àwọn ará Mòrókò àti Àlùjíríà ń fi ẹ̀wà ilẹ̀ wọn sínú kúsíkúsì, tí sẹ̀mó ni wọ́n fi ń ṣe é. Ti Èkó wá ní ìtàn tirẹ̀. Ọkùnrin ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní 1913, ló ṣí ilé búrẹ́dì sí Ẹ̀búté Mẹ́ta ní 1921, tí òwò búrẹ́dì rẹ̀ fi gbilẹ̀ káàkiri. Ẹ̀wà tó rọ̀ bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀ àti ata dúdú, ọwọ́ àwọn Àgányìn tó wá láti ìhà Tógò, Bìní Olómìnira àti Gánà la ti gbà á. Ọkà láti òkè òkun, búrẹ́dì láti ọwọ́ ará Jàmáíkà, ẹ̀wà láti ọwọ́ Àgányìn. Èkó ló so wọ́n pọ̀.

Fún sẹ̀mó, gbẹ̀gìrì ni ẹ̀wà rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní àmàlà ló ni gbẹ̀gìrì, kí n má dójú ti ilé baba mi. Ẹ gbà mí láyè. Purotéènì inú èlùbọ́ kéré gan-an. Ti sẹ̀mó pọ̀ jù ú lọ dáadáa, lysine nìkan ló ń dúró dè. Bí ẹ bá da gbẹ̀gìrì pọ̀ mọ́ ewédú, tí ẹ fi irú sínú ewédú náà, ahọ́n rí umami, ọ̀fun rí yíyọ̀, ara rí lysine. Mi ò mọ ọbẹ̀ míì tó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gúsí wá ńkọ́? Sẹ̀mó àti ẹ̀gúsí ni ọba òde ìnáwó, mi ò sì ní parọ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n lysine náà ló wọ́n nínú ẹ̀gúsí. Ẹ̀pà náà rí bẹ́ẹ̀. Ní òde ìnáwó, kò séwu, ẹran tó wà lórí rẹ̀ á san gbèsè náà. Ẹran àti ẹja ní lysine dáadáa. Ilé tí ẹran ò sí ni ọ̀rọ̀ ti le: ọmọ ọdún mẹ́ta tó jẹ búrẹ́dì àti tíì láàárọ̀, tó jẹ sẹ̀mó àti omi ẹ̀gúsí lálẹ́, ikùn rẹ̀ yó, ṣùgbọ́n télọ̀ inú rẹ̀ ń wá bọ́tìnnì. Ẹ̀wà sì ti wọ́n sí i lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, òun ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ ń yọ kúrò nígbà tí owó bá há. Bí mo bá ní owó tó máa ra ẹyọ kan péré, sẹ̀mó ni màá dín kù.

Ó ku nǹkan kan tí ẹ lè dán wò nílé, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ràn àyẹ̀wò. Ẹ bu ife sẹ̀mó kan sínú páànù gbígbẹ, ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi omi sí i. Iná kékeré ni o. Ẹ máa rò ó lọ láìdáwọ́ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bí ti èkuru fúláwà, lẹ́yìn náà á yí padà, á máa ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó pọ́n. Ẹ wá fi rò ó bí ẹ ṣe máa ń ro sẹ̀mó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú páànù yẹn ni Louis-Camille Maillard, dókítà ará Faransé, ṣàlàyé ní 1912: bí amino acid àti ṣúgà bá pàdé nínú ooru, wọ́n máa ń bí ọ̀pọ̀ òórùn tuntun. Ó máa ń yá gan-an bí ooru bá kọjá 140°C. Omi híhó kì í kọjá 100°C, ìdí nìyẹn tí sẹ̀mó inú omi kì í fi í ta sánsán, tí èèpo búrẹ́dì sì ń ta sánsán. Lára òórùn tuntun wọ̀nyẹn ni pyrazine, tó wà nínú ẹ̀pà yíyan pẹ̀lú. Nítorí náà, sẹ̀mó yíyan àti ọbẹ̀ ẹ̀pà á mọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ata Àgányìn tó dúdú náà á bá a mu, torí inú iná kan náà ni òórùn rẹ̀ ti wá.

Ẹ ṣọ́ra ṣá. Amino acid tí Maillard fẹ́ràn jù láti jẹ run ni lysine! Èyí tí kò tó tẹ́lẹ̀ náà ni iná tún ń bù jẹ. Adùn imú ń pọ̀ sí i, bọ́tìnnì ń dín kù. Bí ẹ bá yan sẹ̀mó, ẹ bu gbẹ̀gìrì kún gbẹ̀gìrì.

Sátidé tó kọjá ni mo tún ṣe é, nílé ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣì ń gbé lẹ́bàá Malu Road. Ìlàjì sẹ̀mó ni mo yan, ìlàjì ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ife ẹ̀wà méjì ni mo bó fún gbẹ̀gìrì, irú ìkúnwọ́ kékeré kan, pánla méjì, kò sí kíúbù kankan. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọdún márùn-ún, jẹ òkèlè méjì, ó ti abọ́ sẹ̀mó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá gbé gbẹ̀gìrì tó kù ka orí itan, ó ń fi ṣíbí lá a.